Ọkà Tútù Lábẹ́ Ọkà Gbígbẹ

  

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé ọdọọdún yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a kọ nǹkan fún àwọn ọmọ kéwú tí ń bọ̀ lẹ́yìn, ohun tí a kọ́kọ́ sọ ni pé ilé àáfà ni ó yẹ kí wọ́n yà sí, kì í ṣe ilé tiwa. Bíríkìlà ni wá. Iṣẹ́ tí bàbá wa ṣe ní Òkè Pópó ni a jogún, òun náà ni a ń jẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn fèsì pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ń jókòó sórí ẹní ní ilé-kéwú wa ni yóò di àáfà. Ó ní púpọ̀ nínú wọn ni yóò di télọ̀, mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà, nítorí náà kí a wá sọ bí ènìyàn ṣe ń fi kéwú ṣe bíríkìlà. Ọ̀rọ̀ náà pa wá lẹ́rìn-ín, a sì gbà.

Kéwú tí a fi ń ṣe bíríkìlà kò pọ̀. Hàdíìsì kan ṣoṣo ni, ó sì wà nínú ìwé Imam Muslim láti ẹnu Abu Huraira. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́run máa bá a) ń kọjá lọ lọ́jà, ó rí òkítì ọkà kan, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan omi. Ó bèèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé kí ni èyí. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì wá bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì jẹ́ kó yé e pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun.

Ọmọ bí ọdún mẹ́wàá ni wá nígbà tí àáfà wa kọ́ wa ní èyí, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí a kò gbàgbé. Ó ní ta ló da omi sí ọkà náà? A dáhùn pé òjò ni. Ó ní òjò sì wà lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà wá dà? Gbogbo wa dákẹ́. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju ibi tó kó èyí tó gbẹ sí lọ. Ó da gbígbẹ bo tútù, ó sì jókòó tì í, ó ń retí oníbàárà.

A gbọ́ ọ nígbà náà, ṣùgbọ́n etí lásán ni a fi gbọ́ ọ. Ọdún 1994 ni ó tó wọ̀ wá lára.

Sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí gan-an lọ́dún náà, nítorí láti ìgbà tí ètò SAP ti dé ní 1986 ni náírà ti ń jó àjórẹ̀yìn. Bàbá wa rìnrìn-àjò lọ sí Ìjẹ̀bú fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì fi àwa ọmọ rẹ̀ méjì sídìí mọ́ọ̀dù. Òǹkà tí ó fi lélẹ̀ fún wa kò le: àpò sìmẹ́ńtì kan, búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án méjìdínlọ́gbọ̀n (28). Kò gbọdọ̀ lé. Lẹ́yìn náà, kí a máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kí oòrùn má baà jẹ ẹ́ kí ó tó le. Àwa sì jókòó, a ṣírò. Bí a bá yọ ogójì nínú àpò kan, a ó ní àjẹṣẹ́kù tí yóò ra bàtà Iléyá fún àwa méjèèjì. Àpò mẹ́rin ni a pò, ọgọ́jọ (160) búlọ́ọ̀kù ni a yọ. Wọ́n gbẹ. Wọ́n dúró lẹ́sẹẹsẹ nínú àgbàlá, wọ́n sì fi ojú jọ búlọ́ọ̀kù. Àwọ̀ wọn ló kàn fẹ́ sún mọ́ ti iyanrìn ju ti sìmẹ́ńtì lọ, a sì ní ta ni yóò wo ìyẹn?

Bàbá wa dé, ó wò ó. Kò sọ̀rọ̀. Ó gbé ọ̀kan dé orúnkún, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì túká bí gààrí tí a dà sílẹ̀. Ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ó bi wá pé ta ló ni búlọ́ọ̀kù yìí. A dárúkọ bàbá àgbàlagbà kan ní Àgárawú tó ti san owó sílẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Ó ní ọmọ tí yóò máa sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà ló ni ín, ó sì lè jẹ́ pé a kò tíì bí ọmọ ọ̀hún.

Ó gbé òòlù ńlá lé wa lọ́wọ́. Láti ìgbà tí wọ́n kí ìrun Àsárì títí di ìgbà tí wọ́n pe Mọ̀ǹgàríbà ni a fi ń fọ́ búlọ́ọ̀kù tí a fi ọwọ́ ara wa ṣe, àwọn ọmọ àdúgbò sì dúró, wọ́n ń kà á fún wa. Iyanrìn rẹ̀ ni a fi dí kòtò ojú àgbàlá. Bàbá wa fi owó ara rẹ̀ ra àpò mẹ́rin mìíràn. Bàtà Iléyá kò sí lọ́dún náà. Ohun tó tún dùn wá jùlọ ni pé oníbàárà ọ̀hún kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ kò ju pé iṣẹ́ òun pẹ́, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó bú bàbá wa dáadáa, bàbá wa sì ń tọrọ àforíjì.

Kí ẹ má rò pé àwa nìkan la mọ ọgbọ́n yẹn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ bíríkìlà mọ̀ pé ibi ìkọ̀kọ̀ pọ̀ nínú ilé ju ibi gbangba lọ. Irin tí wọ́n tà fún ọ ní 16 lè má ju 14 lọ bí o bá wọ̀n ọ́n. Iyanrìn etí òkun tí a kò fọ̀ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ a sì máa jẹ irin láti inú wá. Ní 2014, àjọ SON tí ń mójú tó ojúlówó ọjà pàṣẹ pé iṣẹ́ rírẹ́ ògiri ni kí a máa fi sìmẹ́ńtì 32.5 ṣe, kí a máa fi 42.5 da òpó àti dẹ́kìn, kí a sì máa fi òun náà ṣe búlọ́ọ̀kù. Àṣẹ rere ni. Ṣùgbọ́n bí òpó bá ti gbẹ, tí a sì ti rẹ́ ẹ, tí a kùn ún ní ọ̀dà, ta ni yóò bèèrè irú sìmẹ́ńtì tó wà nínú rẹ̀? Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Bàbá wa kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Pópó Àgùdà, kò sì fẹ́ kí a gbàgbé ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹ̀ wá. Ọjọ́ Jímọ̀ mìíràn, bí a bá ti kírun tán, yóò mú wa gba òpópó Martins kí a lè dúró wo Mọ́sálááṣí Shitta-Bey. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn mọ̀ pé ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, òyìnbó Mùsùlùmí láti ìlú Liverpool, ló mú oyè Bey wá fún Mohammed Shitta láti ọ̀dọ̀ Sultan Abdul Hamid Kejì ilẹ̀ Tọ́kì. Owó ara rẹ̀ ni bàbá oníṣòwò náà fi kọ́ mọ́sálááṣí ọ̀hún, ó sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 1895. Ní 2013 ni ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n bàbá wa kì í dárúkọ Gómìnà, kì í dárúkọ Sultan. Orúkọ tí ó máa ń dá ni ti Joao Baptista da Costa, ọ̀gá kọ́lékọ́lé Àgùdà, àti ti Sanusi Aka tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Kìrìsìtẹ́nì ni da Costa. Ilé ìjọsìn tirẹ̀ kọ́ ni ó ń kọ́, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti lé ní 130 ọdún, tí àwọn Mùsùlùmí ṣì ń forí kanlẹ̀ nínú rẹ̀. Bàbá wa yóò fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri náà bí ẹni ń kí àgbà, yóò ní kí a máa lọ sílé.

Ó kú ní 2009. Lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ilé wa ni Alhájà kan, oníbàárà rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Òun ló gbé owó ìrẹsì fídáù kalẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. A kò ní dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi oore yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ, nítorí àwa náà kò lè gbé e kúrò lọ́kàn.

Ilé alájà kan ni bàbá wa kọ́ fún un ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1981. Ní 2016 ó ránṣẹ́ pè wá, ó ní òun fẹ́ gbé àjà méjì sí i lórí. Ẹ̀yin ará Èkó mọ ìdí rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìdúmọ̀tà àti Balógun ń wá ibi tí wọn yóò kó ẹrù sí, wọ́n sì ń san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ńlá ni. Owó rẹ̀ ì bá gbé wa fún ọdún kan gbáko. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a gbẹ́lẹ̀ wo ẹsẹ̀ ilé ná. A kò tíì gbẹ́ ẹ dé ìbàdí tí omi fi ń sun jáde, nítorí bí ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí nìyẹn. Ìpìlẹ̀ tí a bá níbẹ̀ dára. Ó mọ́, ó le, irin rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n àjà kan ni wọ́n ṣe é fún.

A padà sókè lọ bá a. Ó gbọ́ wa tán, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣebí bàbá yín ló kọ́ ọ. Àbí iṣẹ́ bàbá yín kò lágbára ni?"

A ní, "Ó lágbára, Alhájà. Ohun tí ẹ ní kó gbé ló ń gbé."

"Ẹ lo búlọ́ọ̀kù kékeré lókè kó má baà wúwo. Ẹ dín irin kù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

"Ìyá wa, bí a bá dín irin kù, ńṣe la tún dá kún un. Ẹ máà bínú."

Ó ní, "Mo ti bínú."

Nínú Súrà Tawba, Allāhu fi ẹni tó kọ́lé sí etí bèbè tó ti fẹ́ ya ṣe àpèjúwe, tí bèbè náà gbé òun àtilé rẹ̀ lọ sínú iná. Súrà yìí wà lórí wa láti kékeré. Ṣùgbọ́n kí a sọ òtítọ́, lálẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe Súrà Tawba ni a ń rò, owó ìrẹsì fídáù ni. Àwa méjèèjì kò sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹnì kan nínú wa ní kí a gbà á, kí a fi òpó kún òpó, kí a sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́. A kò ní sọ èwo nínú wa. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, a ti jọ kọ̀ ọ́.

Láàárín oṣù márùn-ún, bíríkìlà mìíràn ti gbé àjà méjèèjì lé e. Ó rẹ́ ẹ, ó kùn ún, ó dùn ún wò. Àwa dá àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì dúró lọ́dún náà, a sì ta ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù wa. Alhájà kò dá wa lóhùn mọ́ bí a bá kí i lọ́nà.

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó ní òpópó Massey, ní Ìta Fájì. Ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wà ní òkè rẹ̀, ẹ̀kọ́ sì ń lọ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ náà. Ìjọba kéde pé ogún (20) ènìyàn ló kú, wọ́n sì yọ iye tó lé ní ogójì láàyè. Wọ́n ní ilé náà ti wà lára àwọn tí a sàmì sí pé kí a wó. Àwa gbé ṣọ́bìrì, a sáré débẹ̀ bíi gbogbo ará àdúgbò. A kò ní kọ ohun tí a rí, nítorí àwọn ọmọdé ń ka ìwé yìí. (Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ilé àtijọ́ àwọn tálákà nìkan ló ń wó: ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà mọ́kànlélógún tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópó Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní ogójì.)

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ti Ìta Fájì, ọmọ-ọmọ Alhájà kan ilẹ̀kùn wa. Ó ní ìyá àgbà ń pè wá.

Ó mú wa lọ sí ìdí òpó kan nísàlẹ̀, lẹ́yìn àwọn páálí ẹrù tí wọ́n tò. Òpó náà ti sán láti òkè dé ìdajì, owó ẹyọ sì lè wọ inú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi rẹ́ ẹ lóru yìí. Ẹ kùn ún. Àwọn ayálégbé ti ń wò ó láti ọjọ́ Ìta Fájì, ọ̀kan ti ń bèèrè owó rẹ̀." Iye tó fẹ́ san jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó. Ohun tí a pò nínú pánù kan péré ni yóò bo gbogbo rẹ̀, kò sì ní gbà wá ní wákàtí kan.

Ibẹ̀ ni òkítì ọkà yẹn ti padà wá sí wa lọ́kàn. Àwa kọ́ la dá òpó náà sán, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà yẹn kò ṣe rọ òjò. Wọ́n kàn ní kí a da gbígbẹ bo tútù ni. A ní a kò lè ṣe é. Alhájà bú sẹ́kún. Ó ní owó ọdún méjì táwọn ayálégbé san ti bá ìtọ́jú ìtọ̀ súgà òun lọ, kò sí ohun tí òun yóò dá padà fún ẹnikẹ́ni. A ní a ó gbé irin tì í láìgba kọ́bọ̀, a ó wó àjà òkè pátápátá, kí ó máa san owó iṣẹ́ náà fún wa díẹ̀díẹ̀, bó bá tilẹ̀ gba ọdún mẹ́wàá. Ó ní kí a jáde.

A jáde, ṣùgbọ́n a kò lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí bàbá wa sọ ní 1994 ló dá wa dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló ni búlọ́ọ̀kù, a jẹ́ pé oníbàárà wa pọ̀ nínú ilé náà, Alhájà kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. A kan ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì sọ ohun tí a rí fún wọn. Ìdílé méjì kó jáde kí oṣù tó parí. Àwọn yòókù dúpẹ́, wọ́n sì bi wá pé níbo ni àwọn yóò ti rí yàrá ní Ìsàlẹ̀ Èkó. A tún kọ ìwé sí ọ́fíìsì tó yẹ. Wọ́n wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ògiri. Nígbà tó yá, a rí i pé ọ̀dà mìíràn ti bò ó.

Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ilẹ̀ tí Mùsùlùmí ti pọ̀ ju ẹlẹ́sìn mìíràn lọ, ilé alájà mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Rana Plaza wó ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013. Wọ́n ti gbé àjà kún un láìgba àṣẹ. Ọjọ́ kan ṣáájú ni ògiri rẹ̀ sán, gbogbo ènìyàn sì rí i. Báǹkì tó wà nísàlẹ̀ ní kí òṣìṣẹ́ tirẹ̀ má wá. Àwọn tó ń ránṣọ lókè ni wọ́n ní kí wọ́n wọlé, wọ́n sì wọlé nítorí owó oṣù. Èyí tó kú lé ní 1,100. A kà á nínú ìwé ìròyìn nígbà náà, a ní kí ló dé tí wọ́n fi wọlé? A kò bèèrè bẹ́ẹ̀ mọ́.

Alhájà kú ní 2022. A lọ síbi fídáù rẹ̀, a sì gbé owó ìrẹsì kalẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbà á, wọn kò sì jókòó tì wá.

Ilé náà ṣì dúró. Ọ̀kan nínú wa máa ń sọ pé bóyá bàbá wa fi irin pamọ́ sínú ìpìlẹ̀ yẹn ju ohun tí a rí lọ, nítorí ó fẹ́ràn kí ó máa fi kún un. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, inú wa ì bá sì dùn kí a jẹ́ ẹni tó ṣìṣe. Bí a bá ń lọ kírun Jímọ̀, òdìkejì títì ni a ń gbà. Ní àsìkò òjò, bí ó bá rọ̀ mọ́jú, ọ̀kan nínú wa a dìde lẹ́yìn Àsùbáà, a rìn dé ìkóríta, a wò ó títí ojú yóò fi mọ́, a sì padà sílé lọ gbé ṣọ́bìrì rẹ̀.